Fírísà Tí Wọ́n Ń Pa Nítorí Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá Tísà, àbúrò bàbá mi, kí ẹ sì bá mi bẹ Fúnmi àbúrò mi, ìyàwó ojú ọ̀nà, bí inú ṣì ń bí i. Mo kọ lẹ́tà yìí síta gbangba kí àwọn ọmọ mìíràn tí kò sí nílé lè bá mi kà á.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí l'Ékòó. Ariwo ò dá lójú pópó, síbẹ̀ mo lè wà láàárín èrò kí n má rí ẹni bá sọ Ìjẹ̀ṣà. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Agboolé kan wà lẹ́bàá Èbúté Èrò tí gbogbo wọn ń lo omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àpótí kan tí à ń pè ní kọntirólà ló ń darí mọ́tò tó ń fa omi náà. Bí nǹkan bá fẹ́ ṣe mọ́tò, àpótí á tan iná pupa, á máa ké, á sì pa mọ́tò kó má baà jó. Ó wá ń ké ṣáá, ilé ò rómi. Alhaja, olórí ilé náà, ránṣẹ́ pè mí. Mo dé, mo wọn iná, ó pé. Mo tan mọ́tò, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Mo lọ tán, wọ́n tún pè mí. Mo tú èyí, mo pààrọ̀ tọ̀hún, pàbó ló já sí.

Báàgì mi ti wà léjìká lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdána Fúnmi nígbà tí Alhaja tún pè, pé àwọn ìyá àgbà ń tọrọ omi àlùwàlá kiri. Mo ní kí n tètè ṣe é, kí n wọkọ̀ ìdájí. Ilẹ̀ ọjọ́ ìdána mọ́ bá mi nídìí àpótí yẹn, n kò rí nǹkan kan. Alhaja ní dandan, kí n jẹun kí n tó lọ. Mo ń jẹun lọ́wọ́ ni fírísà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ni àpótí bá figbe ta.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Alhaja ní ìgbàkígbà tí Enjiníà bá ń bọ̀ lòun máa ń ní kí wọ́n pa gbogbo fírísà, kí Enjiníà lè rí iná gidi ṣiṣẹ́, bí mo bá sì ti parí, wọ́n á tún tàn wọ́n. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi! Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná lọ bá mọ́tò. Àwọn obìnrin agboolé náà tó ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò tà láti ọjà Òkè Àrin ti so fírísà gbogbo wọn mọ́ ọ̀kan ṣoṣo, iná ìyẹn ò wá tó mọ́tò mọ́. Òótọ́ ni àpótí ń sọ látọjọ́ yìí. Mo pín fírísà sórí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, igbe dá.

Àmọ́ nígbà yẹn, àwọn àna ti dọ̀bálẹ̀ nílé wa. Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, èmi àkọ́bí ló yẹ kó jókòó sórí àga wọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo pè yín. Ẹ ní kò séwu, pé gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa, pé ara yín le. Fúnmi ló wá sọ fún mi pé ẹ ò jẹ́ kí Bàbá Tísà jókòó sórí àga yẹn, ẹ ní mo ti wà lọ́nà, àga náà sì ṣófo títí àwọn àna fi dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní ọ̀pá lẹ fi ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, Màámi.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá pè, ẹ má pa nǹkan kan nítorí mi mọ́, bí wọ́n ṣe ń pa fírísà. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ará ilé, tàgbà tèwe. Mò ń bọ̀ nílé, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọjọ́. Mo fẹ́ bá ilé bó ṣe wà.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé