Ajá Wọlé, Aṣọ́lé Wà Níta

Masífà, Èjìgbò.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Bélú, 1991.

Yàkúbù, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ níbi tí o wà. Mo retí pé ara rẹ le, pé òtútù ìta tí o ń sùn sí kò tíì wọ inú egungun rẹ. Èmi ṣì wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò tíì dá mi dúró sílé.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán, pé òyìnbó ọ̀gá rẹ fẹ́ aṣọ́lé kejì, kí n jẹ́ kí Jímọ́ọ̀ àbúrò rẹ máa bọ̀ ní Àbíjàn. Mo ti gbà fún un kí èmi àti òun tó lọ wo fíìmù kan nílé Àlíù, ẹni tó gbé tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe fíìmù náà. Àìsàn kan mú àwọn tálákà ìlú tí wọ́n fi ń jẹ ènìyàn. Àwọn olówó mọ odi, wọ́n jókòó sínú rẹ̀. Èèyàn dúdú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, géètì ló ń ṣọ́. Kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ tí Jímọ́ọ̀ fi ní, "Eléyìí ló máa kọ́kọ́ kú." Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ ṣáà máa wò ó." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn ajẹ̀nìyàn dé, onílé kó ìyàwó àti ọmọ wọlé. Ó súfèé sí ajá, ajá wọlé. Ó wá ti ilẹ̀kùn irin. Aṣọ́lé ń gbá ilẹ̀kùn náà, ó ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní sà. Títí wọ́n fi fà á ya, sà ló ń pè é. Jímọ́ọ̀ ní, "Ẹ ò rí i?" Mo dìde, mo lọ sílé.

Má rò pé òyìnbó nìkan ni mo ń bá wí. Orí bẹ́ńṣì ni ìyá rẹ wà ní ọsibítù lọ́jọ́ tó kú, tí wọ́n gbé ọmọ olówó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ kọjá lára rẹ̀ wọlé. Dúdú ni dókítà, dúdú ni ọmọ olówó. Èmi náà ń pe dókítà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta ní sà.

Ǹ bá dá Jímọ́ọ̀ dúró. Kí ni n óò wá fún un? Kòkó tó kù lóko kò tó ẹnì kan jẹ. Àpò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí.

Èmi ni mo kọ́ yín pé ọmọlúwàbí kì í sá fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Bí ohunkóhun bá ń bọ̀ ní géètì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sá. Ẹ má kan ilẹ̀kùn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ilé onílé. Ẹ ò ní kú ikú ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ni ẹ ó sin mí.

Èmi ni bàbá tó bí yín,
Sàká.

Àfikún: Tíṣà Ògúndìran tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní eré lásán ni, pé ọ̀dà pupa ni ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mo mọ̀. Jímọ́ọ̀ ló ń mú lẹ́tà náà bọ̀, ó rò pé ìkíni ló wà nínú rẹ̀. Bá mi kà á sí i létí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é láti sọ ọ́ fún un. Nígbà tó dé iwájú mi, mo kàn bi í bóyá ó ti jẹun.