Ẹsẹ̀ Ilé Tó Rì Lábẹ́ Yàrá Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì 1961

Ilẹ̀kùn yàrá Ìyá tún kọ̀, kò ṣí. Èjìká ni mo fi tì í. Ilé pákó tí Bàbá kọ́ yìí ti fì sí ìhà ẹrọ̀fọ̀, n kò lè máa tan ara mi jẹ mọ́. Yẹ̀kínì káfíńtà wá láti Òkè-Àfá, ó rá wọ abẹ́ ilé, ó jáde tòun ti òwú aláǹtakùn lórí. Ẹsẹ̀ igi mẹ́rin ló ti rì. Ó ní bí òjò bá fi bá a báyìí, yóò wó lé wa lórí. Jáàkì ni wọn yóò fi gbé e, kí wọ́n tó fi òpó sìmẹ́ńtì rọ́pò ẹsẹ̀ igi. Ó fẹ́ parí kó tó di ààwẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ìyá ní òun ò kúrò ní yàrá òun. Ìbáà ṣe jáàkì, ìbáà ṣe katapílà. Abẹ́ pákó yàrá yẹn la sin Bàbá sí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àràárọ̀ ló sì ń kí i kó tó kí ẹnikẹ́ni. Alágídí! Èmi náà ńkọ́? Ara rẹ̀ ni mo ti jáde.

Ọjọ́bọ̀, 9

Jáàkì mẹ́ta, látọ̀dọ̀ àwọn onílọ́rì. Táòfíkì àbúrò mi wà nídìí ọ̀kan. Yẹ̀kínì ń pariwo: díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró, díẹ̀díẹ̀! Bàbá Díẹ̀díẹ̀ ni mo sọ ọ́ nínú ikùn mi. Ilé ń ké bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ – wọ́n gbé e sókè tòun ti ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Òpó mẹ́ta ti dúró. Lẹ́yìn Jímọ̀, Bàbá Díẹ̀díẹ̀ pe èmi àti Táòfíkì sẹ́yìn ilé. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá Sàúdá, ẹ má bínú o. Ẹrọ̀fọ̀ ló jẹ mẹ́ta. Ti ẹ̀kẹrin, sàréè Bàbá ni. Ẹ gbẹ́ ẹ sún mọ́ ẹsẹ̀ ilé jù, ilẹ̀ ibẹ̀ ò ki mọ́."

Èmi ni mo yan ibẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Táòfíkì ní ká gbẹ́ ẹ sáàárín yàrá, mo jágbe mọ́ ọn pé ẹ̀bá ògiri ni, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá, kó lè wà nítòsí ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bú ẹrọ̀fọ̀. Ojú tì mí.

Táòfíkì ní ká gbé Bàbá lọ sí àgbàlá. Ta ni yóò sọ ọ́ létí Ìyá?

Ọjọ́ Àìkú, 12

A ò tíì sọ. Jáàkì ṣì gbé igun yẹn dúró.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ – bẹ́ẹ̀dì ti ń fì sí ògiri, bí òun bá sùn sáàárín, ẹ̀bá ògiri lòun ń jí sí, lókè Bàbá gan-an. "Mo ní bóyá ó ń fà mí mọ́ra ni. Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó tún un ṣe." Èmi ni mo bú sẹ́kún. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Bàbá.

Bàbá Díẹ̀díẹ̀ ní kò sí wàhálà: òpó méjì, ọ̀kan níhìn-ín sàréè, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí ìtì ìrókò kan gùn kọjá lórí rẹ̀. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì? Ó ní a ò bi òun. Orí mi ò!

Ọjọ́rú, 15

Jáàkì ti lọ. Ilé tẹ́jú. Ìka kan ni mo fi ti ilẹ̀kùn Ìyá lẹ́yìn Àsárì, ó ṣí. Mo wò ó, bẹ́ẹ̀dì ṣì fì sí ògiri. Inú bí mi, mo sáré lọ bá Bàbá Díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti ń kó ayùn rẹ̀ sápò, mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ilé ò fì mọ́ o, Ìyá Sàúdá. Ìyá ló ní kí n gé ẹsẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀dì òun kúrú lápá ògiri."

Mo padà sí yàrá Ìyá. Ó ti sùn, ó ti rọra yí lọ kan ògiri. Mi ò jí i.