Ààwẹ̀ Tí Màmá Gbà Nítorí Àgọ́ Wa

Ilé Ògúndélé,
Òkè-Ọ̀ṣun,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
10 Oṣù Kẹjọ, 1957.

Bánjọ, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Jọ̀wọ́ jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí, nítorí ìròyìn inú rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ lórí ìdúró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọwọ́ páànù tí a fẹ́ fi dín ẹyin ní àgọ́ wa kán. A sa gbogbo ipá wa, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ni àṣẹ.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà wọ́n láyè láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ọmọ ń jẹ́ kó sùn?

Yàtọ̀ sí ọ̀fọ̀ páànù, ètò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún, èmi, ìwọ àti Àlàbí yóò wọ igbó. Ahéré Màmá àgbà, lẹ́bàá ihò àpáta lẹ́yìn oko kòkó wọn, ni a óò sùn. Mo ti ya àwòrán ibẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ n'Ibàdàn: ibi ìdáná wà lẹ́nu ihò, ṣáláńgá jìnnà sí omi, ibùsùn Àlàbí sì jìnnà ju ṣáláńgá lọ nítorí pé ó ń hanrun. Àdán nìkan ni aládùúgbò wa. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò ní sí ẹni tí yóò rán wa níṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí mo tọrọ ahéré, Màmá bi mí pé kí ni ọmọkùnrin mẹ́ta ń wá lọ sí igbó nígbà tí kòkó kò tíì pọ́n. Bí mo bá ní a fẹ́ lọ sinmi, wọn yóò ní ṣé kò sí àga nínú ulé ni? Mo bá ní a fẹ́ lọ gbàdúrà fún èsì ìdánwò mi.

Èsì náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yege. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi í sábẹ́ ẹní, nítorí bí Màmá bá gbọ́, kí ni a tún fẹ́ lọ gbàdúrà lé lórí?

Ṣé o mọ̀ pé Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tiwọn? Wọ́n ní àwọn kò ní fẹnu kan iyán títí èsì yóò fi dé. Iyán, Bánjọ! Nígbà tí iṣu titun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde! Láti ọjọ́ Ajé ni odó wa ti dákẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Comfort tó múlé tì wá sáré wọlé, gèlè lọ́wọ́.

"Ta ló kú? A ò gbúròó odó yín."

Màmá ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Èsì ọmọ mi ni mò ń retí. Bó bá dé, wọn á gbúròó uyán mi dé Èmùré."

Ìyá Comfort yíjú sí mi. "Fẹ́mi, ṣé o rí bí ìyá àgbà ṣe gbẹ? Bí o bá fìdí rẹmi, èmi gan-an ni n ó nà ọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Lánàá, mo ń wo Màmá nídìí gààrí tí wọ́n fi rọ́pò iyán. Wọ́n ní kí n má wo àwọn bẹ́ẹ̀, pé ebi tó nídìí kì í pa ènìyàn. Abẹ́ ẹní mi ni ìdí ebi yìí wà, ọ̀rẹ́ mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lè pé ogún ọjọ́. Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, n ó jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá gba ahéré wọn padà, ẹ forí jì mí. Ọjọ́ Ajé ni mọ́tò Ìsẹ̀ yóò gbé lẹ́tà yìí.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè wojú ìyá àgbà rẹ̀,
Babáfẹ́mi Ògúndélé.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Àgọ́, ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹjọ, 1957.

A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ọmọ àgọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé a ti jẹ́wọ́ fún onílẹ̀. Onílẹ̀ gún iyán lọ́sàn-án àná, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Onílẹ̀ ní ibi tí a bá ti fẹ́ lọ tọrọ nǹkan, ibẹ̀ náà ni a ó ti dúpẹ́. Nítorí náà, àgọ́ ti di ìsìn ọpẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ogójì ènìyàn, ni yóò sùn ní ahéré. Àwọn ọmọ àgọ́ yóò sùn pẹ̀lú àdán. Àwọn náà ni yóò ru odó mẹ́ta lọ, tí wọn yóò sì máa gún iyán láàárọ̀ àti lálẹ́.

A kò nílò páànù mọ́.