Agogo Tí Mo Lù Ní Idogun

Ilé Màmá,
Idogun,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bùrọ̀dá Gbénga,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kí ẹ sì wà lórí ìjókòó nígbà tí ẹ bá ń kà á. Màmá wà láàyè. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ kí ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, nítorí tèmi ò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pè yín, ẹkún ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ọ̀wọ̀, èyí tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ariwo ni mo ń tà. Fíìmù tí ọ̀gá mi Boniface ń ṣe lọ́wọ́ dá lórí ọkọ̀ kan tó gbé èèyàn kọjá òṣùpá, tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dún, nítorí náà ohun tó wà nílẹ̀ la fi ń parọ́ fún etí. Ẹ̀rọ ìlọta Màmá Toyyibah ládùúgbò wa ni mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí mo fà á gùn títí ó fi di ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ìdérí ìkòkò irin tí mo wọ́ lórí sìmẹ́ńtì ni. Bí wọ́n bá sì ń rìn lórí ìràwọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, èmi ni mo ń fi bàtà tẹ gààrí nínú àwo. Ìró ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ẹ di ojú mi, kí ẹ rìn kọjá, màá sọ ohun tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún yín.

Ohun méjì ló kù wá kù: agogo ìdágìrì inú ọkọ̀ náà, àti igbe obìnrin kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Òṣèré wa ti ké títí ọ̀fun rẹ̀ fi há. Boniface ní igbe ẹnu lásán ni, kò sí ẹ̀rù nínú rẹ̀. Ní ti agogo, mo rántí ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lórí igi máńgòrò nílé-ìwé wa àtijọ́, tí wọ́n fi ń pè wá wọlé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà ní họlidé, ni mo bá wá sílé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Màmá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mò ń lọ gba ohùn kan nílé-ìwé. Wọ́n ní, “Má pẹ́ o.” Mi ò dárúkọ ríìmù. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe.

Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kalẹ̀, mo fi íápíìsì ńlá bo etí méjèèjì, mo dijú. Mo kọ́kọ́ lù ú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó dún, ó sì pẹ́ kó tó kú. Mo wá ń lù ú léraléra bí ìgbà tí ewu wọ ọkọ̀.

Bùrọ̀dá, mi ò mọ̀ pé láti èṣí tí wọ́n ti jí àgbẹ̀ méjì gbé lójú ọ̀nà oko, ìlú ti fẹnu kò sí i pé bí ríìmù yẹn bá ti dún léraléra, ajínigbé ti dé nìyẹn. Nígbà tí mo lajú, Jemimah tó ń gbé ìtòsí Màmá ni mo rí, ọmọ lẹ́yìn, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀. Mo yọ íápíìsì, igbe ti gba ìlú kan. Ó fà mí lọ́wọ́. Ó ní, “Sá! Wọ́n ti dé!” Mo fi ẹ̀rọ mi sílẹ̀, mo bá wọn sá gba ọ̀nà Idoani. Ìgbà tí èémí fẹ́ẹ̀ tán ni mo bi í pé ta ló dé. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ agogo ni. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ pé èmi ni mo lù ú.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Abdulrasheed, olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, ti kó gbogbo èèyàn padà. Màmá nìkan la ò rí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ̀gúsí ti fọ́n ká, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà lórí tábìlì, ọ̀pá wọn ò sí níbẹ̀. A wá wọn lójú ọ̀nà Idoani títí di aago méjì.

Abdulrasheed ní kí n wá fi ohun tí mo torí ẹ̀ lu agogo han òun. Ẹ̀rọ mi ṣì ń gbohùn lábẹ́ máńgòrò. Mo fi í sétí. Mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ eré tí a sá, gbogbo ẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Ohùn kan wá wọlé: “Tẹní o! Ọma mi o! Tẹní, ibo lo wà?”

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Kí n tó mọ ẹni tó ni ohùn náà, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé igbe tí Boniface ń wá rèé. Ẹ̀rù ara mi ba mí. Lẹ́yìn náà ni mo dá ohùn Màmá mọ̀, pé èmi Tẹní ni wọ́n ń pè. Gbogbo ìlú ń sá fún agogo, ìyá wa sì ń fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn sáré lọ síbẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo wà.

Mo pa ẹkún mọ́ra, mo tẹ́tí sí ẹsẹ̀ wọn. Sílípáàsì àti ọ̀pá lórí òkúta wẹẹrẹ, lẹ́yìn náà lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí wọ́n ti ń ṣí kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè mí. Lẹ́yìn náà, ewé gbígbẹ. Ewé ńlá tó ń fọ́ pàì ni, ewé kòkó. Mo pariwo pé oko kòkó ẹ̀yìn ilé-ìwé ni. Inú kòtò kan ni a ti bá wọn níbẹ̀, orúnkún ti wú, sílípáàsì kan ti sọnù. Wọn ò béèrè omi. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Wọn ò rí ẹ mú?”

Nọ́ọ̀sì ní eegun kankan ò ṣẹ́. Èmi àti Jemimah ti lọ bẹ ìlú láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì gba ẹ̀bẹ̀. Àmọ́ Abdulrasheed bi wọ́n níwájú mi pé bí agogo yẹn bá tún dún lọ́la, ṣé wọ́n á sá? Obìnrin kan ní òun á kọ́kọ́ yọjú wò bóyá èmi ni mo tún lù ú. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́ tiyín.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a fi ìbẹ̀rù pe ara wa. Yóò ṣọ́ àlọ yín, yóò ṣọ́ àbọ̀ yín, ẹ ò sì ní wá ọmọ yín tì.

Èmi ni àbúrò yín tó ń tọrọ àforíjì,
Tẹniọlá.

Mo tún rántí: Boniface pè mí lánàá. Mo ní kó fi ìdérí ìkòkò ṣe agogo. Mi ò sọ fún un pé mo ní igbe, igbe yẹn ò sì ní wọ fíìmù kankan. Màmá bi mí pé kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ fi ríìmù ṣe. Mo ṣàlàyé ọkọ̀ tó kọjá òṣùpá, tí ewu wọ̀. Wọ́n ní, “Àwọn tó wà nínú ẹ̀, ṣé ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wọn?”