Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Wa Dé Ọwọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìfaradà òjò ọdún yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, o kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run yóò wo Àdùnní ọmọ rẹ fún wa. Mo kí àwọn ìyá ilé, mo kí àwọn ará àdúgbò, mo sì kí gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ lẹ́tà yìí nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ ọ tán.

Bàbá, ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ẹ̀yin rán mi lọ síléèwé, èmi ni mo ń gba ojú fèrèsé sá padà sóko. Ìyá Tọ́lá, ọ̀gá mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Tíṣà ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ohun tó bá jáde lẹ́nu mi ni òun yóò kọ, pé òun kò ní bá mi bu iyọ̀ sí i, òun kò sì ní bá mi fọ ata kúrò nínú rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń tẹ̀, kí wọ́n lè kà á fún yín ní gbangba. Gbangba ni orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ti bàjẹ́ nítorí mi. N kò lè wá tún un ṣe nínú yàrá.

Kí n má fi ìkíni sá fún ọ̀rọ̀: ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wa dé ọwọ́ mi. Bàbá Ràfíù kò jí i. Ó gbé e dé fún mi ní pípé, ní ọjọ́ tí ẹ fi rán an gan-an.

Nítorí àwọn tí kò mọ ilé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé wa, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ìyá bá fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun títà, a kì í sì í sin ín mọ́ ọn. Ọmọ-ọmọ obìnrin àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ fún lọ́jọ́ ìkómọ. Bùlúù ni ti ìyá wa, ẹyọ mọ́kànlélógójì, ìyá tirẹ̀ ló sì fún un. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ lóyún, Bàbá yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà jáde, wọ́n rí i pé okùn rẹ̀ ti jẹrà, pé ẹyọ mẹ́rin sì ti fọ́ létí. Bàbá ní èmi tí mo ń yọ́ dígí ní Èkó, kí ni mo wà fún? Wọ́n kó o sínú agolo mílíìkì, wọ́n fi òwú dí i, wọ́n fi lé Bàbá Ràfíù lọ́wọ́, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èkó láti ìlú wa láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Bàbá Ràfíù kò fi rán ẹnikẹ́ni sí mi. Ó rìn láti gáréèjì dé ilé tí mo gba yàrá sí ní Ìsọlọ̀. Mo bu omi fún un, ó ní òun kò ní mu ún títí òun yóò fi rí i kí n ka ìlẹ̀kẹ̀ náà. Mo kà á lójú rẹ̀. Mọ́kànlélógójì. Ìgbà náà ló tó mu omi. Omi tí mo bù fún un yẹn ti ń há mi lọ́fun láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Bàbá, ẹ ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọmọ yín ń yọ́ dígí bí ẹni yọ́ òrí. Iṣẹ́ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé Ìyá Tọ́lá ní Jákàǹdè la ti ń ṣe é, lábẹ́ páànù, níbi tí oòrùn àti ìléru ti ń bá ara wọn díje. Gáàsì ni ìléru wa ń lò, torí iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Tí a bá fẹ́ gé dígí, ohun kan wà tó dà bíi bírò, kẹ̀kẹ́ kékeré kan ló wà lẹ́nu rẹ̀. A ó ti ẹnu rẹ̀ bọ kẹrosíìnì, a ó fà á lórí dígí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì ti ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà la ó ṣẹ́ ẹ, á sì já ní ibi tí a fà. A ó fi ohun funfun bí ẹfun kun pẹpẹ inú ìléru kí dígí má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Iná á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dígí á fi pọ́n bí ọsàn tó rọ̀, tí ẹ̀là rẹ̀ á so pọ̀. Títutù rẹ̀ ló tún le jù. A kò gbọ́dọ̀ ṣí i títí di ọjọ́ kejì. Ìyá Tọ́lá ní dígí náà ń sinmi ni, pé ẹni tí a bá jí lójijì kì í jí ire.

Ohun kan wà tí ọ̀gá mi kì í fojú fò. Tí dígí méjì kò bá ti ibì kan náà wá, kì í yọ́ wọn pọ̀ láìkọ́kọ́ dán wọn wò. Á mú èérún ọ̀kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èérún èkejì nínú ìléru, tó bá tutù á fi sáàárín dígí dúdú méjì tó yọ lára awò ojú, á gbé e síwájú oòrùn. Bí wọn kò bá bára wọn mu, ìmọ́lẹ̀ á yí ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ká, bí agbo tó ń yí òṣùpá ká. Ó ní gbogbo dígí ló ń fẹ̀ nínú iná, gbogbo wọn ló sì ń súnkì tí wọ́n bá ń tutù, àmọ́ wọn kì í súnkì bákan náà. Ọ̀kan á máa fa èkejì, bí orogún méjì tó di etí aṣọ kan mú.

Èmi wá wo ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wa, mo ní kí lẹyọ mẹ́rin tó fọ́ létí jẹ́ tí mo fi máa ṣe é ránṣẹ́ lásán? Mo fẹ́ kí ìlú rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo pinnu pé n ó ṣe àwo tí wọ́n máa bu oyin àti iyọ̀ sí lọ́jọ́ ìkómọ, tí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wa yóò yí etí rẹ̀ ká. Mo ní ìyẹn á dára ju kí ó wà nídìí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ẹ ò rí mi lóde, Bàbá? N kò bi yín. N kò bi Àbẹ̀kẹ́ tó ni í. Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí n kò fi pè yín pé agolo ti dé.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ìyá Tọ́lá. Ó ní kí n má ṣe é, pé kí n tún mẹ́rin ṣe kí n dá ìyókù padà. Ó ní tí mo bá sì kọ̀, kí n yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀, kí n kọ́kọ́ fi dán an wò pẹ̀lú dígí tí mo fẹ́ lò. Mo ní dígí ni dígí. Ó ní Àlàní, ọmọ àgbẹ̀ ni ẹ́, ṣé wàá fi ewùrà gún iyán torí pé iṣu ni iṣu? Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti mú orí kunkun. Ìyá mi a máa ní rárá o, pé ẹni tó ni ín wà lóko, ó ń bọ̀ wá jẹun.

Mo yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ lóòótọ́, mo fi í sínú agolo. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà kan ní Àgọ́ Palace, n kò ní sùúrù mọ́. Mo gé dígí fèrèsé ní róbótó, mo to ogójì yòókù sí etí rẹ̀, mo tan iná. Nígbà tó dé, ó bi mí pé ṣé mo dán an wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kìíní nìyẹn.

Àwo náà jáde, ó dára. N kò ní purọ́ lórí èyí. Mo gbé e lọ sí yàrá mi, mo fi sí ojú fèrèsé, mo sì ń pe àwọn alájọgbélé mi wá wò ó. Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó, mo ń rẹ gààrí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, mo gbọ́ pàù, bí ìgbà tí èkùrọ́ bá fọ́. Ìlà kan ti gba abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà pàù, òmíràn. Nígbà tí mo fi mu gààrí náà tán, àwo ti di wẹ́wẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wa ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti sán, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àfọ́kù tí kò ṣeé yọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ pè mí pẹ̀lú fóònù Àbẹ̀kẹ́. Ẹ bi mí pé ṣé agolo ti dé. Mo ní kò tíì dé ọwọ́ mi. Mo rò pé n ó fi ra ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹ ní Bàbá Ràfíù ní òun ti fi lé mi lọ́wọ́, ṣé olè wá ni bàbá yẹn? Mo dákẹ́. Bàbá, mo mọ̀ yín. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá ti gba nǹkan gbọ́, katakata oko kò lè fà yín kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́.

Èyí tó burú jù wà níwájú. Mo lọ wá dígí bùlúù. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo rọ ọ́ sínú ihò tí mo gbẹ́ sára amọ̀, mo fi igi kéékèèké dá ojú ihò rẹ̀ sí. Mo fẹ́ ṣe ayédèrú, kí n ní wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ náà he ní gáréèjì. Mo ṣe méjìlá. Wọ́n jọ ọ́, Bàbá. Ojú yín tó ti ń ṣú kò ní mọ̀ ọ́n. Bàbá Ràfíù ì bá sì di olè tó jí nǹkan tó tún gbé e sọnù.

Ìgbà náà ni Àbẹ̀kẹ́ pè mí lẹ́yìn ìkómọ. Ó ní ọmọ náà rẹwà, pé ìdí rẹ̀ ṣófo. Ó ní Bàbá Ràfíù gbé iṣu mẹ́ta wá láti bá wa yọ̀, pé ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kó gbé iṣu rẹ̀ máa lọ, àwọn èèyàn sì ń wò. Ó ní àgbàlagbà náà kàn tún iṣu náà gbé sórí, ó lọ. Ó ní láti ìgbà náà, àwọn ará ìlú kì í fẹ́ wọ mọ́tò rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, mo lọ sọ òótọ́ fún Ìyá Tọ́lá. Kò bú mi. Ó kó méjìlá tí mo ṣe, ó fi wọ́n lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fọ́ wọn fúnra mi. Mo fọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá Bàbá Ràfíù níbi tó ń páàkì sí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ẹrẹ̀ Ìsọlọ̀ kò ṣeé fọ̀. Ó ní ẹ ní kí òun búra, òun sì bi yín pé Bàbá Àlàní, ṣé ìdí èmi àgbàlagbà yìí ni mo fẹ́ wọ ìlẹ̀kẹ̀ sí ni? Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó wá ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ó ní òun ń retí pé n ó sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ.

Bàbá, ẹyọ kan tó yẹ kí n fi dán an wò, tí n kò fi dán an wò, òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó wà nínú agolo yẹn, nínú òwú tí ẹ fi dí i. Ọjọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà yìí, mò ń bọ̀ nílé. Mọ́tò Bàbá Ràfíù ni n ó wọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé òun ni kó gbé agolo náà dání, kó sì fi lé yín lọ́wọ́ lójú gbogbo àwọn tó rí i tó gbé iṣu padà. Èmi yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ní òun gbà, àmọ́ pé òun kò ní kan ilẹ̀kùn. Òun yóò dúró níta títí ẹ ó fi pè òun wọlé.

N kò sọ pé kí ẹ bẹ̀ ẹ́, n kò rí i kí ẹ bẹ ẹnikẹ́ni rí. Èmi ni kí ẹ nà. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀ jù, ìwọ àti ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí mo bà jẹ́ fún un. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ máa wọ mọ́tò rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, Bàbá. Kí iṣu yín ta. Kí Àdùnní dàgbà, kó má jogún orí kunkun wa. Ẹ bá mi kí tilé-toko. Ìyá Tọ́lá kí yín. Tí ẹ bá gbọ́ ìró mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dìde, kí ẹ sì pè é wọlé.

Èmi ni Àlàní, ọmọ yín tó ń tijú.