Fọ́tò Tí Mo Yà ní Peckham

                                                            Ilé Rìnsọ́lá,
                                                            Soundview, Bronx,
                                                            New York.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Ìyá Bánjí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì? Bàbá Bánjí ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà? Àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́ pé a ṣì wà tí a ń bi ara wa léèrè. Òtútù ibí kò yí padà, èmi náà kò yí padà, a kàn jọ ń wo ara wa níran ni. Jasmine, ọmọ Rìnsọ́lá, ní kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù kí òun bá mi fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní rárá. Ìwé kẹta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo kà á dáadáa, ọwọ́ ara mi ni n ó sì fi kọ ìtìjú ara mi.

Ṣé o rántí fọ́tò tí o sìn mí lọ yà ní Peckham lọ́dún 1968? Èyí tí mo ti wọ síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú, tí mo gbé tẹlifóònù sétí, tí mo fara ti rédíógíráàmù ńlá tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù bí ẹni tó bí i? Ìwọ lo mọ̀ pé ti oní-fọ́tò ni rédíógíráàmù náà. Kóòtù onírun tí mo gbé kọ́ èjìká, ti oní-fọ́tò náà ni. Mélòó nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní London nígbà náà ni kò fara ti rédíógíráàmù yẹn, kí a lè fi ránṣẹ́ sílé pé ayé gbẹ̀dẹ̀ fún wa? Ṣùgbọ́n síkẹ́ẹ̀tì, tìrẹ ni. Ó tóbi jù mí lọ, o fi píìnì mẹ́ta dè é lẹ́yìn, kí wọ́n má baà gún mi ni n kò fi lè rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà ni mo ti ń fi fọ́tò yẹn jayé. Mo sọ fún Jasmine pé kò sí Sátidé tí n kì í lọ jó, pé bí mo bá wọ bàtà funfun tó gùn dé orúnkún, àwọn òyìnbó á yà lọ́nà fún mi. Irọ́ ń dùn, mo ń fi iyọ̀ sí i. Ọmọ náà gbà mí gbọ́. Ó ní nínú gbogbo ìyá àgbà tó wà ní Bronx, tòun ló lajú jù.

Ni ilé ìpàdé àwọn àgbàlagbà tí mo máa ń lọ bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ayé àtijọ́. Brenda, ọ̀gá ibẹ̀, ní kí kálukú mú fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ wá. Jasmine gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Fordham, wọ́n bá a sọ ọ́ di ńlá bí ilẹ̀kùn, ó gbé e kọ́ ara ògiri ilé ìpàdé náà. Ó ti sọ fún tíṣà rẹ̀ pé ìtàn ìyá àgbà òun ni òun máa kọ. Ìyá Bánjí, o mọ̀ mí: bí mo bá ti lè sọ pé òbúkọ bímọ, n ó sọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀.

Mo ń rojọ́ lọ ni bàbá kan tó ń jẹ́ Albert dìde. Ọmọ Barbados ni, ó wa bọ́ọ̀sì ní London nígbà tí a wà níbẹ̀. Ó gbé awò sójú, ó súnmọ́ fọ́tò, ó tẹjú mọ́ ọn títí.

Ó ní, "Mama, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù yìí?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

Ó ní, "Okùn fóònù yìí ò mà kan ibì kankan o. Ilẹ̀ ló sùn sí."

Bó bá jẹ́ fọ́tò kékeré ni, ta ni ìbá rí i! Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo wo Jasmine, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò mí, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Mo lè bá Albert jà di ọ̀la, ṣùgbọ́n n kò lè bá ojú ọmọ yẹn jà.

Mo jókòó, mo jẹ́wọ́. Mo ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń lọ aṣọ ibùsùn títí ọwọ́ mi fi bó. Pé yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti bàbá Rìnsọ́lá àti ìwọ àti ọkọ rẹ fi aṣọ pín sí méjì, tí sítóòfù kẹrosíìnì ń fi èéfín kun imú wa. Pé Sátidé tí mo ní mo fi ń jó, orí ìlà ilé ìwẹ̀ ìjọba ni mo wà, tí mo di ọṣẹ mọ́yà. Pé orí àtẹ̀gùn la ti ń yọjú wo àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń jó nínú tẹlifíṣọ̀n onílé, nítorí kò ní kí a wọlé rí, kódà lọ́jọ́ tí ènìyàn tẹ òṣùpá. Ijó kan ṣoṣo tí mo mọ̀, orí àtẹ̀gùn yẹn ni mo ti jí i kọ́. Wọ́n ní kí n jó o. Ìbàdí gbà, orúnkún kọ̀, Albert ló gbé mi dìde.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ni Jasmine bi mí pé, "Grandma, ṣé màmá yín gba fọ́tò yẹn gbọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo rántí lẹ́tà tí màmá mi ní kí tíṣà kan nílé bá wọn kọ nígbà tí fọ́tò náà dé ọwọ́ wọn, èyí tí mo fi ìbínú fà ya lójú rẹ, tí mo ní wọn ò mọ iyì. Wọn ò bèèrè rédíógíráàmù, wọn ò bèèrè fóònù. Ohun tí wọ́n ní kó kọ ni pé, "Mo rí ẹ. Ọrùn ẹ ti gbẹ. Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ?"

Mo sọ ọ́ fún Jasmine bẹ́ẹ̀, èyí ló sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Kò kọ ijó kankan.

Ó fẹ́ pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Òótọ́ ni kí o sọ fún un o, mo ti gbà. Bá mi kí Bàbá Bánjí, kí o kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa ṣọ́ orúnkún.

Tìrẹ ni mo jẹ́ ní tòótọ́,
Motúnráyọ̀, Ìyá Rìnsọ́lá.