Ọ̀nà Tí Ẹni Méjì Ń Rìn Dé Ìdajì

Ojúlé Kẹtàlá,
Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
Ìlú Apá Òkè.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Ojú Ọ̀nà,
Yàrá Kẹfà, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ Ọ̀NÀ ẸLẸ́SẸ̀ TÓ SO ÌLÚ APÁ ÒKÈ MỌ́ ÌLÚ APÁ ÌSÀLẸ̀, TÍ A TÌ PA NÍTORÍ PÉ KÒ SÍ ẸNI TÓ Ń GBÀ Á KỌJÁ

1. Èmi ni mo ń tún bàtà ṣe ní ojúlé tí mo kọ sókè yìí. Ọdún kejìlélógójì rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà, ọjọ́ orí mi sì ti lé ní àádọ́rin. N kò kọ̀wé sí ìjọba rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé jù mí lọ, bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ìyẹn pa ìwé náà tì.

2. Ọ̀nà tí mo ń sọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú tiwa. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú igi, ó kọjá lórí afárá kékeré kan, ó sì já sẹ́yìn ilé ìwòsàn ní Apá Ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá rìn ín láìkánjú, wákàtí kan ni. Géètì irin wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Láàárín gan-an, lẹ́bàá afárá, bẹ́ǹṣì sìmẹ́ǹtì kan wà tí apá kan ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ìwé yìí dá lé.

3. N kò ní parọ́ fún yín pé èrò ń wọ́ lójú ọ̀nà náà. Nígbà kan, àwọn nọ́ọ̀sì ń gbà á lọ síbi iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà á, ìyàwó mi pàápàá máa ń gbà á lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n la títì ńlá, tí bọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, gbogbo wọn ṣí lọ síbẹ̀. Ìyẹn kò dùn mí. Ẹni tó bá ń kánjú, kó wọ bọ́ọ̀sì.

4. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ìyàwó mi kú. Àwọn ọmọ wá, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ń gbé, ọ̀nà sì jìn. Ilé wá dá páropáro. Àwọn oníbàárà a máa bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàtà ni, ọjọ́ wo ni yóò jẹ́, ṣé àwọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ ni n óò fi lẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa. Dókítà ní kí n máa rìn láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wá ń rìn láti géètì tiwa dé ibi bẹ́ǹṣì, mo ń sinmi díẹ̀, mo sì ń padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù.

5. Nígbà tó pé oṣù méje tí mo ti ń rìn ín ni mo bá obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì náà. Láti Apá Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń wá, dókítà tirẹ̀ náà ló ní kó máa rìn dé ibẹ̀, kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi jókòó síwájú ẹ̀rọ tí ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ó sọ fún mi pé kò sí etí tí ohùn òun kò wọ̀ ní ìlú wọn, pé kò sì sí ẹni tó ń pe òun báyìí. Ó fi rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

6. Fún ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀, kò sí àárọ̀ tí a kò pàdé, àfi tí òjò bá pọ̀ jù. Àkókò tó bá dé lónìí náà ni yóò dé lọ́la, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Ìyá Aago. Òun náà sọ mí ní Bàbá Oníṣó, nítorí pé ìṣó kì í tán nínú àpò mi, ó sì ní lọ́jọ́ kan n óò jókòó lé e. Mo jókòó lé e ní tòótọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ó fi rẹ́rìn-ín. A kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ níbẹ̀. Yóò bi mí pé ṣé mo sùn, èmi náà á bi í, lẹ́yìn náà a ó dìde, òun á yí padà sí tiwọn, èmi á yí padà sí tiwa.

7. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú oṣù kẹfà, ẹ rán òṣìṣẹ́ kan láti wá ka àwọn tó ń lo ọ̀nà náà. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta ní géètì tiwa, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta ní géètì tiwọn. Ọmọlúàbí ni. Ó kí mi, mo sì bá a rán etí bàtà rẹ̀ tó ya. Ó bi mí bóyá n óò kọjá sí ìlú kejì. Mo ní rárá o, àárín ni mo ń dé. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó dé géètì tiwọn, ìbéèrè kan náà ni ó bi Ìyá Aago, èsì kan náà ni ó sì gbà. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí bẹ́ǹṣì pé ìjọba ti rí i pé àwa méjèèjì kò lọ síbì kankan.

8. Ohun tí ẹ wá kọ sára géètì ni pé, “Iye àwọn tó gba ọ̀nà yìí kọjá láti ìlú kan sí èkejì: kò sí.” Ẹ̀yin Ọ̀gá, òótọ́ ni. Kò sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín fi jókòó síbẹ̀, wọ́n rin ọ̀nà náà tán láti orí dé ìdí. Ẹni méjì ló pín in rìn. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé n kò kọjá, ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n sùn. Kí ló dé tí n kò kọjá? Kí ni ó ná mi láti sìn ín délé ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún mẹ́rin? Mo ń ronú pé àyè wà, pé ọ̀la ṣì wà.

9. Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ni a pàdé gbẹ̀yìn. Bàtà rẹ̀ ti òsì, tí ìdí rẹ̀ fi ìka méjì nípọn ju ti ọ̀tún lọ, ti ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kó bọ́ méjèèjì fún mi. Mo yọ sálúbàtà tí mo ń gbé sínú àpò nítorí òjò, mo ní kó wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ó sọ fún mi pé, “Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, Bàbá Oníṣó. Bí kò bá sí bàtà yìí, mi ò lè dé ibì kankan.” Mo ní ọ̀la ni. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà, mo sì parí rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan bàtà oníbàárà kankan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ṣéènì àti àgádágodo yín ni mo bá lára géètì.

10. Láràárọ̀ fún oṣù kan ni mo fi ń gbé bàtà náà lọ síbi géètì, bóyá ẹ óò ti ṣí i. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Apá Ìsàlẹ̀. Ìlú ńlá ni. N kò mọ ojúlé rẹ̀, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ lè rò pé irọ́ ni, pé báwo ni ènìyàn ṣe ń bá ẹnìkan jókòó fún ọdún mẹ́rin láìmọ orúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ní oṣù kìíní, kò ì tíì tó ohun tí à ń béèrè. Nígbà tó di ọdún kejì, ojú ti ń tì mí láti béèrè. Mo wá ń dá àwọn ènìyàn dúró níwájú ilé ìwòsàn, mo ń bi wọ́n nípa ìyá kan tó ń tiro díẹ̀, tó sì máa ń dé sí àsìkò. Wọ́n ń wò mí tìfura-tìfura.

11. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì yín ní kí n máa rin etí títì ńlá. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sínú gọ́tà. Bí mo bá tilẹ̀ rìn ín dé òpin, kò sí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé mo ń bọ̀.

12. Ìgbà kejì tí mo lọ sí Apá Ìsàlẹ̀ ni mo rìn dé géètì tiwọn. Mo bá sálúbàtà mi tí Ìyá Aago wọ̀ lọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ó ti rán aṣọ mọ́ ìdí ti òsì ní ìpele mẹ́fà, kó lè ga tó bàtà rẹ̀. Mẹ́rin nínú rẹ̀ ti gbó dànù, ìkarùn-ún ti ń lu. Aṣọ líle ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rán àpò ìrìn-àjò. Kò lè gbó báyẹn ní àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan. Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ yìí sí, ìrìn bí ogún àárọ̀ ló wà nídìí sálúbàtà yẹn. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró ní géètì tiwa, òun náà ń dúró ní géètì tiwọn. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì sunkún. N kò tijú láti kọ ọ́ sí yín.

13. N kò fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè gbé e. Mo kọ àdírẹ́sì mi sínú ìwé, mo fi ọ̀rá wé e, mo so ó mọ́ géètì. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣì wà níbi tí mo so ó sí. Ẹni tó bá ti dá sálúbàtà padà ti gbà pé ó ti parí. Ó lè máa rò pé mo gbàgbé bàtà òun ni, tàbí pé mo ti kú. Èmi náà kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

14. Akọ̀wé yín tó wà ní fèrèsé kejì gbọ́ mi dáadáa. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún ọ̀nà ṣí, ó sì ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ kò ní wò ó bí kò bá ní orúkọ àti ìbuwọ́lùwé ẹni méjì tó ń lo ọ̀nà náà, ọ̀kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo ti buwọ́ lu tèmi. Ẹnì kejì tó kù, ẹ̀yìn géètì yín ni ó wà. Nítorí náà, mo fi sálúbàtà òsì yẹn sínú páálí kékeré tó wà pẹ̀lú ìwé yìí, kó dúró gẹ́gẹ́ bí ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀ fínnífínní, ẹ óò rí i pé ó ń wá lo ọ̀nà yín. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá wò ó tán, ẹ dá a padà fún mi. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an.

15. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá lè ṣí géètì méjèèjì pátápátá, inú mi yóò dùn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣí i fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kí ẹ sì lẹ ìkéde mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ ìlú tiwọn, pé ọ̀nà ti ṣí ní àsìkò tó ń ṣí tẹ́lẹ̀. Bí ìròyìn náà bá dé etí rẹ̀, kò ní pẹ́ dé. Ẹ dá òṣìṣẹ́ yín náà padà pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Tó bá bi mí lọ́tẹ̀ yìí bóyá n óò kọjá, n óò ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá bá Ìyá Aago lórí bẹ́ǹṣì, n óò sìn ín délé. Bí n kò bá bá a, n óò máa lọ, n óò gbé bàtà náà kọjá afárá, n óò jáde ní géètì tiwọn, n óò sì máa kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí òṣìṣẹ́ yín kọ mí sílẹ̀ pé ẹnìkan kọjá.

16. Àyè kan ṣì ṣófo nínú fọ́ọ̀mù yín, níbi tí ẹ ní kí a kọ orúkọ ẹnì kejì sí. Ọjọ́ tí mo bá tún fojú kàn án, n óò béèrè orúkọ rẹ̀ kí n tó kí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń dé ibi géètì láràárọ̀,

Bàbá Oníṣó,
Atún-bàtà-ṣe.